Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ọkàn nílé: èwo ni Màmá ṣì máa lò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?

Tí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá yín lónìí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í níṣòro. Gbogbo ará ilé ni yóò na apá, títí kan àlejò tó wá jókòó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni nǹkan máa ń dojú rú. Bátìrì ti tán, fóònù tí wọ́n so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ti bá ọmọ padà sí Èkó, ìwé tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí ti sọnù, Màmá sì ti pinnu pé ara òun le. Ojú yìí la fi wo àwọn irinṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: èwo ni aláìsàn ṣì máa lò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni kì í jẹ́ kó lò ó, kí sì ni ará ilé lè ṣe sí i.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ìwádìí méjì. Ti Amẹ́ríkà ni Tele-HF, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Ènìyàn 1,653 ni wọ́n kó jọ, àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Wọ́n ní kí bí ìdajì wọn máa pe nọ́ńbà kan lójoojúmọ́, kí wọ́n dá ẹ̀rọ lóhùn nípa bí ara ṣe rí àti bí wọ́n ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, mẹ́rìnlá kò pè é rí. Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa parí, 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì ń pè é tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Iye ẹni tó kú àti ẹni tó padà sí ọsibítù kò dín rárá.

Ti Jámánì ni TIM-HF2, ọdún 2018, ènìyàn 1,571. Àwọn tí wọ́n fún ní irinṣẹ́ gba òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ECG tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, àti èyí tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ iye ọ́síjìn. Ẹ̀rọ ló ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ọsibítù Charité ní Berlin, tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, 97 ló ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ ní ó kéré tán ọjọ́ méje nínú mẹ́wàá. Ikú náà dín: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn láàárín ọdún kan, bíi 8 ló ń kú lápá tó ní ẹ̀rọ, bíi 11 lápá kejì.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ló ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ rántí láti pè. Ní Jámánì, ènìyàn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tọ̀sán-tòru, aláìsàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà ni pé: ta ni yóò máa wo nọ́ńbà náà? Bí kò bá tíì sí ẹnì kan, ẹ wá a kí ẹ tó wá ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru la fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ ilé máa rà. Omron M7 Intelli IT la fi ṣe àpẹẹrẹ àwọn tó ní Bluetooth. Ó ń pa nọ́ńbà 100 mọ́ fún ẹnì kan, ó sì gba ẹni méjì. Ọ̀já apá rẹ̀ gba apá tó fẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 22 sí 42, àǹfààní ńlá sì nìyẹn, nítorí ọ̀já apá ni èyí tó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà èké ti ń wá. Ẹ fi tépù télọ̀ yí apá ká ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí apá Màmá bá ju sẹ̀ǹtímítà 32 lọ, ọ̀já kékeré tí wọ́n ń kó mọ́ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò bá a mu, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì ga ju bó ṣe rí lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Baltimore, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi ọ̀já tí gbogbo ayé ń lò wọn àwọn tó yẹ kí wọ́n lo èyí tó tóbi jù lọ, nọ́ńbà òkè fi bí 20 lé. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 128 yóò rí 148, wọn yóò sì fi oògùn kún oògùn rẹ̀ lórí asán. Nígbà tí oògùn náà bá wá ń mú un lóòyì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa ẹ̀rọ tì.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Kí ó lọ tọ̀ kó tó jókòó. Kí ó má ti mu kọfí, kó má mu sìgá, kó má ṣe iṣẹ́ agbára láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àga tó ní ẹ̀yìn, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kó má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìhòòhò apá ni wọ́n ń di ọ̀já mọ́. Ẹ má fi dì í lórí bùbá, ẹ má sì ká apá aṣọ tó fún sókè tí yóò fi máa fún apá lókè. Ẹnu ọ̀já nísàlẹ̀ kí ó fi bí ìbú ìka kan jìnnà sí ìgúnpá, kí rọ́bà rẹ̀ gba àárín inú apá wálẹ̀. Apá kí ó wà lórí tábìlì, kí ọ̀já bá àyà dọ́gba. Ẹ má kà á sí nǹkan kékeré: ìwádìí ọdún 2024 kan fi hàn pé gbígbé apá lé itan ń fi bíi 4 kún nọ́ńbà òkè, kí apá sì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fi bíi 6 tàbí 7 kún un. Tábìlì inú pálọ̀ wa sábà máa ń kúrú. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá sókè. Kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀já bá ń fún, kí òun náà má sì dáhùn. Ibi tí ó máa ń bàjẹ́ jù nìyẹn, torí àgbàlagbà wo ni ẹ ó kí tí kò ní dáhùn?

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kó tó jẹun, kó tó lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, ìṣẹ́jú kan láàárín èkíní àti èkejì. Ọjọ́ méje léra wọn kó tó lọ rí dókítà. Ẹ yọ nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ ṣe àròpọ̀ ìyókù kí ẹ sì pín in. Nílé, 135 lókè tàbí 85 nísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí kà á sí gíga, kì í ṣe 140 lórí 90 ti ọsibítù. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 130 lórí 80.

Áàpù OMRON connect rọrùn tó bá ti so pọ̀ tán, ṣùgbọ́n síso rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sú. Inú áàpù náà ni kí ẹ ti so ó, ẹ má lọ so ó ní ibi Bluetooth nínú Settings. Lórí Android, ẹ tan Location pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóònù kò ní rí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà yóò máa wà nínú ẹ̀rọ títí tí ẹnì kan yóò fi ṣí áàpù nítòsí rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí fóònù ọmọ ni wọ́n so ó mọ́, tí ọmọ sì wà ní Manchester, Bluetooth kò wúlò fún un rárá. Fóònù tó ń sùn sí ilé náà ni kí ẹ so ó mọ́. Bí bàbá àti ìyá bá jọ ń lò ó, ẹ fi téépù funfun kọ "1 Bàbá, 2 Màmá" sí ara ẹ̀rọ, nítorí bọ́tìnì kékeré tó ń yan ẹni yẹn ni ẹnikẹ́ni kì í rántí. Lẹ́yìn oṣù kan, nọ́ńbà àwọn méjèèjì yóò ti dàpọ̀ tí dókítà kò ní mọ èwo ni èwo. Ẹ tún wo ọjọ́ àti aago nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì.

Bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò. Èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà kì í lè fẹ́ ọ̀já náà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Alkaline sí lára. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò yín, bátìrì sàn ju ṣájà ara ògiri. Tí ẹ̀rọ bá kọ lẹ́tà E àti nọ́ńbà dípò kó gbé èsì wá, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Nígbà púpọ̀, ọ̀já ló dẹ̀, tàbí rọ́bà kò wọlé dáadáa, tàbí ẹni náà mira.

Èrò tiwa ni pé ilé tí kò sí ẹni tó ń lo fóònù ńlá dáadáa kò nílò Bluetooth. Kí wọ́n ra Omron M3 tàbí irú rẹ̀, kí ẹni tó wà nílé ya àwòrán ojú ẹ̀rọ, kí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwòrán dára ju kíkọ lọ: ẹni tó ń kọ ọ́ máa ń gbé 157 sí 150, tàbí kó kọ èyí tó dára jù nínú mẹ́ta. Kò gba dátà púpọ̀, ọjọ́ àti aago sì wà lára rẹ̀. Ẹyọ ẹnì kan ni kí ó máa gbà á, kì í ṣe gbogbo ẹbí lórí gúrúpù tí àwòrán náà yóò rì sábẹ́ àdúrà ìdájí àti fídíò. Ẹni náà sì gbọ́dọ̀ fèsì lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ "Mo ti rí i, ẹ ṣeun mà." Bí èsì bá ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àwòrán náà yóò dákẹ́. Ẹni tí kò ní fóònù ńlá, ẹ pè é ní aago kan náà lálẹ́, kó ka nọ́ńbà sí yín létí.

Níbi rírà, orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan kò tó. Nọ́ńbà módẹ́lì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ni kí ẹ wá lórí STRIDE BP tàbí ValidateBP, àwọn ojúewé méjì tí wọ́n kó orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ìwádìí dán wò sí. Èyí tí kò sí níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ náà, àfi tí apá bá tóbi ju gbogbo ọ̀já lọ. Bí ọrùn ọwọ́ kò bá bá àyà dọ́gba, irọ́ ni yóò pa.

KardiaMobile ti AliveCor, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń wò ó bóyá ọkàn ń lù ségesège, irú èyí tó lè ti ẹ̀jẹ̀ dídì lọ sí ọpọlọ tí yóò fi di rọpárọsẹ̀. Ẹ ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì lé irin méjì, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Oríṣi 6L ní irin kẹta lábẹ́, tí wọ́n ń gbé lé orúnkún òsì tàbí ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Ohun tó wù wá jù nípa rẹ̀ ni pé kò béèrè púpọ̀. Ní Wales, ìwádìí REHEARSE-AF tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017 kó ènìyàn 1,001 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ péré ni wọ́n ní kí ìdajì wọn máa fi ìka lé e, fún ọdún kan. Wọ́n rí ìlùkulù yìí lára ẹni 19 nínú wọn, nígbà tí ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí 5 péré lápá kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ènìyàn lè dì mọ́ ọjọ́ tó ti mọ̀, ọjọ́ ìsìn àti àárín ọ̀sẹ̀, kó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tó ti ń kọsẹ̀: ìka tí wọ́n fi òrí tàbí vaseline pa kì í jẹ́ kí irin gbọ́ ọkàn, ìka tó gbẹ jù náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sanitáísà nù ún, ẹ fi omi díẹ̀ kan án. Kí apá méjèèjì wà lórí tábìlì tàbí lórí itan láìmira. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yóò mú kó kọ pé òun kò lè kà á. Ẹ yọ fóònù kúrò lára ṣájà. Oríṣi àkọ́kọ́ kò lo Bluetooth o, ohùn tó ga ju èyí tí àgbàlagbà lè gbọ́ ló fi ń bá máíkì fóònù sọ̀rọ̀, nítorí náà kí fóònù wà nítòsí rẹ̀, kí kéèsì má sì bo máíkì. Ẹni tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ sínú àyà rẹ̀ láti máa ti ọkàn, kó má lò ó láìbi dókítà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti òkè òkun rà á wálé, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá áàpù rẹ̀ wà fún fóònù ẹni tí yóò lò ó ní orílẹ̀-èdè tó wà, nítorí láìsí áàpù, irin lásán ni. Pàtàkì jù: kò lè mọ̀ bóyá iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn ti dí. Bí àyà bá ń fún ènìyàn tí Kardia sì kọ "Normal", ọsibítù ni kó gbà lọ.

Ẹni tí ìlùkulù yìí bá wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ yóò máa fò sókè fò sálẹ̀ láti ìgbà kan sí èkejì. Kí ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì.

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, òṣùwọ̀n lásán ṣe pàtàkì ju gbogbo áàpù lọ. Láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán, kó tó jẹun, kó gun un lórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá fi ju kílò méjì lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń dúró sára, kó pe dókítà kí ẹsẹ̀ tó wú, kí mímí tó ni ín lára. Òṣùwọ̀n Wi-Fi wà, ṣùgbọ́n kálẹ́ńdà ara ògiri àti báírò tí wọ́n so mọ́ ọn ṣe é.

Medisafe ni a wò nínú àwọn áàpù tó ń ránni létí oògùn. Ohun tó fi ta wọ́n yọ ni Medfriend: bí aláìsàn kò bá fi hàn pé òun ti lo oògùn, áàpù yóò sọ fún ẹnì kan tó ti yàn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi dán an wò, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018 pẹ̀lú ènìyàn 411, àwọn tó lò ó sọ pé àwọn ń lo oògùn déédéé díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tiwọn kò wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Kò yà wá lẹ́nu. Ìgbàgbé kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn kì í lo oògùn tó ń múni tọ̀ nítorí pé ó fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yìngbò, kò sì mọ ibi tí yóò ti tọ̀ nínú gósílóò. Ẹlòmíràn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń pè ní amlodipine wú u lẹ́sẹ̀, kò sì sọ fún dókítà. Ẹlòmíràn ń gé e sí méjì kó lè tó di ìparí oṣù. Kò sí áàpù tó mọ èyí; ẹni tó ń pè é lálẹ́ ló lè bi í léèrè. Dókítà lè yí aago oògùn padà, ó sì lè yí oògùn fúnra rẹ̀ padà.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ lọ sí ibi bátìrì nínú Settings fóònù, kí ẹ yọ áàpù náà kúrò nínú àwọn tí fóònù ń pa láti fi tọ́jú iná. Ọ̀pọ̀ Android tó wà lọ́jà wa ń pa áàpù lẹ́yìn, agogo kò sì ní dún. Álámù fóònù fúnra rẹ̀ kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó tún sàn kí ẹ so ó mọ́ àdúrà ìdájí tàbí ìrun àsùbáà: bí ó bá ti ṣe tán, kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kó wọ̀n ọ́n, kó lo oògùn.

Ẹ má ra áàpù tó ní òun lè fi kámẹ́rà fóònù wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Instant Blood Pressure tà wàrà-wàrà lọ́dún 2014 sí 2015. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Johns Hopkins, nínú ẹni márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga, bíi mẹ́rin ló sọ fún pé kò sí nǹkan. Aago ọwọ́ tó ń ya ECG dára fún ẹni tó ti ń wọ aago tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ máa ṣájì nǹkan kejì, kò ní pẹ́ kó bọ́ ọ sílẹ̀.

Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lè bá ẹ̀rọ tó ní síìmù nínú pàdé lọ́wọ́ dókítà wọn. Kò nílò fóònù, kò nílò Wi-Fi, ẹ tẹ bọ́tìnì, nọ́ńbà ti lọ. Fún àgbàlagbà, kò sí èyí tó rọrùn tó o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wọlé ní ó kéré tán ọjọ́ 16 nínú 30 kí Medicare, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sanwó ìtọ́jú àgbàlagbà, tó sanwó ẹ̀rọ náà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń pè lemọ́lemọ́ bí oṣù bá ti ń parí lọ. Ohun yòówù kó fà á, ìpè náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sórí pálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ̀rọ wà. Bí nọ́ńbà òkè bá ju 180 lọ tàbí tìsàlẹ̀ ju 120, kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún un wọ̀n. Bí ó bá ṣì ga tí àyà ń dùn ún, tí mímí ń ni ín lára, tí apá kan ara kú tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, kó pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má dá lo oògùn méjì lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni kó má máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìjà tàbí lẹ́yìn ìròyìn, nítorí ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ yóò máa bẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà yóò sì máa gbé e ga sí i. Lẹ́yìn ti alẹ́, ẹ gbé ẹ̀rọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ gbé e dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì fi ti ibẹ̀ wé e lórí apá kan náà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ń ju 10 lọ léraléra, ẹ kọ́kọ́ ra ọ̀já apá tuntun kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, nítorí ọ̀já àti rọ́bà rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jò.